George Orwell: Ọlọ́pàá Tó Fún Èdè Gẹ̀ẹ́sì Ní Ọ̀rọ̀ Ìṣọ́ni

Eric Arthur Blair ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1903 ni wọ́n bí i ní ìlú Motihari ní ilẹ̀ Íńdíà, nígbà tí Íńdíà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Richard Blair, bàbá rẹ̀, jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka tó ń bójú tó òwò opíọ̀mù, oògùn olóró tí ìjọba amúnisìn ń pa owó púpọ̀ lórí rẹ̀. Ida, ìyá rẹ̀, dàgbà ní Moulmein ní ilẹ̀ Bọ́mà, níbi tí bàbá tirẹ̀ ti ń ṣòwò. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì tí ìyá rẹ̀ fi gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí bàbá sì kù sẹ́yìn sí ẹnu iṣẹ́. Owó ìjọba amúnisìn ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1911 wọ́n fi í sí ilé ẹ̀kọ́ St Cyprian's ní Eastbourne. Ìdajì owó ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ nítorí pé orí rẹ̀ pé, wọn kò sì jẹ́ kí ó gbàgbé. Nígbà tí ó dàgbà, ó kọ àròkọ kan nípa ibẹ̀ tó korò débi pé wọn kò tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà ayé rẹ̀. Ó sọ níbẹ̀ bí òun ṣe yọ́ lọ ra súwíìtì nígbà tí òun wà ní kékeré, tí òun rí ọkùnrin kan tó tẹjú mọ́ fìlà ilé ẹ̀kọ́ tó wà lórí òun, tí òun sì gbà lójú ẹsẹ̀ pé amí ọ̀gá àgbà ni. Lójú ọmọdé náà, kò sí ibi tí ojú ọ̀gá kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìwé tí ó kọ gbẹ̀yìn ti ṣẹ̀ wá kò gbọdọ̀ fo fìlà yìí dá. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Eton ní ọdún 1917, níbi tí Aldous Huxley, tí òun náà yóò kọ ìwé nípa ìjọba tó ń darí ọkàn ènìyàn, ti kọ́ ọ ní èdè Faransé fún ìgbà díẹ̀.

Kò lọ sí yunifásítì. Ní ọdún 1922, ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Bọ́mà, ilẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Nàìjíríà lọ jà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Apá kan Íńdíà ni Bọ́mà nígbà náà, Íńdíà sì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dán ọ̀pọ̀ ọgbọ́n ìṣọ́ni wò kí wọ́n tó kó o wálé. Ìlú Calcutta ni wọ́n ti dá ọ́fíìsì ìtẹ̀ka sílẹ̀ ní ọdún 1897. Ọdún 1901 ni àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀lé wọn. Ọdún márùn-ún ni Blair lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ní Twante, ní Insein tí ẹ̀wọ̀n ńlá wà, ní Moulmein ìlú ìyá rẹ̀, àti ní Katha. Ó mọ bí fáìlì ṣe ń kún, bí a ṣe ń lo olófòófó, àti bí ẹni tó wọ aṣọ ìjọba ṣe ń di ẹrú aṣọ náà. Nígbà tí ó gba ìsinmi lọ sí ilé ní ọdún 1927, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Inú ìrírí wọ̀nyí ni ìwé ìtàn àròsọ Burmese Days ti jáde ní ọdún 1934.

Ó fi ara rẹ̀ sínú ìṣẹ́, bí ẹni tó ń san gbèsè. Ó bá àwọn aláìnílé sùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ ní Paris. Nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ fẹ́ jáde ní ọdún 1933, kò fẹ́ kí ojú ti ìdílé rẹ̀, ni ó bá mú orúkọ George, ó fi orúkọ odò Orwell kún un. Ohun tí kò mọ̀ ni pé àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣí fáìlì sílẹ̀ fún un láti ọdún 1929, nítorí pé ó fẹ́ máa kọ̀wé ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn àwọn Kọ́múnísì kan. Nígbà tí ó lọ sí Wigan ní ọdún 1936 láti wo ìgbé ayé àwọn awakùsà, àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ náà kọ̀wé nípa rẹ̀. Ní ọdún 1942 sájẹ́ǹtì kan ṣì ń ròyìn aṣọ tí ó ń wọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé Kọ́múnísì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn MI5 kò gbà fún un. Ọlọ́pàá àná ti di ẹni tí ọlọ́pàá ń ṣọ́.

Spéènì ni ó yí i padà. Ó fẹ́ Eileen O'Shaughnessy ní oṣù Kẹfà ọdún 1936, nígbà tí ọdún náà sì ń parí lọ, ó lọ bá ìjọba tí àwọn ará ìlú dìbò yàn jà lòdì sí ọ̀gágun Franco. Inú ọmọ ogun POUM ni ó bọ́ sí, ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan ti àwọn òṣìṣẹ́, tó kọ̀ láti gba àṣẹ lọ́wọ́ Stalin. Ní oṣù Kàrún-ún ọdún 1937, àwọn tó yẹ kí wọ́n jọ máa bá Franco jà kọjú ìbọn sí ara wọn ní Barcelona. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, ọta ìbọn àwọn ará Franco gba ọ̀fun Orwell kọjá. Díẹ̀ ló kù kí ó pa á. Kí ọgbẹ́ tó jinná, ìjọba ti fòfin de POUM, wọ́n ń mú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà káàkiri. Àwọn ọlọ́pàá wá sí yàrá Eileen ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n kó ìwé ọkọ rẹ̀ lọ. Orwell kò lè sun ilé mọ́. Inú àwókù ni ó ń sùn lóru, kí ó tó máa rìn ní ọ̀sán bí àlejò tí kò ní ẹ̀sùn lọ́rùn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, tọkọtaya náà wọ ọkọ̀ ojú irin sí ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìwé ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ tí wọ́n kọ sí àwọn méjèèjì dé ilé ẹjọ́ ní Valencia. Amí sì ti wà láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n jọ wà ní Barcelona.

Ẹ̀rù ìbọn kọ́ ni ó gbé bọ̀ láti Spéènì bí kò ṣe ẹ̀rù ìwé ìròyìn. Ó rí ogun tí kò ṣẹlẹ̀ tí wọ́n kọ bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀, ó rí akọni tí wọ́n pè ní ọ̀dàlẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú Homage to Catalonia ní ọdún 1938. Òǹtẹ̀wé rẹ̀ àtijọ́ kọ̀ ọ́. Ẹ̀dà 1,500 ni òmíràn tẹ̀, wọn kò sì tíì tà tán nígbà tí ó kú.

Láti ọdún 1941 sí 1943 ó ṣiṣẹ́ ní BBC, ní ẹ̀ka tó ń bá Íńdíà sọ̀rọ̀. Wọn a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò kí ó tó jáde lórí afẹ́fẹ́. Eileen náà ti ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ka tó ń yẹ ìwé wò ní Ministry of Information, tó fi Senate House, ilé gíga Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ibùjókòó. Ilé yìí ni Ministry of Truth inú ìwé Orwell fi jọ. Nígbà tí ó kọ Animal Farm, tó fi ẹranko oko ṣe àpèjúwe ìjọba Stalin, òǹtẹ̀wé kan tẹ̀ lé òmíràn láti kọ̀ ọ́, nítorí pé Rọ́ṣíà ni alájọjà wọn. Jonathan Cape gbà á, kí òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó dá a padà. Àwọn onítàn gbà pé Peter Smollett ni òṣìṣẹ́ yìí, ẹni tí àṣírí rẹ̀ tú lẹ́yìn náà pé amí Rọ́ṣíà ni. Ìwé náà jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1945, ṣùgbọ́n Eileen ti kú lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ní oṣù Kẹta.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró Orwell nígbà tí ó gbé ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ lọ sí erékùṣù Jura ní Skọ́tílándì. Níbẹ̀ ni ó ti kọ Nineteen Eighty-Four. Oògùn streptomycin tí wọ́n rà fún un láti Amẹ́ríkà ba awọ ara àti ẹnu rẹ̀ jẹ́, wọ́n sì dá a dúró. Nígbà tí kò rí ẹni tí yóò wá bá a tẹ ìwé náà, ó jókòó sórí ibùsùn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tán ní oṣù Kejìlá ọdún 1948. Ó jáde ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1949.

Kí ìwé yìí tó jáde, Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ fún amí àti fún ìninilára, ó sì ti yá surveillance lọ́wọ́ àwọn Faransé, tí ìgbìmọ̀ ìṣọ́ni wọn ti ṣọ́ àwọn ará ìlú láti ọdún 1793. Ohun tí kò ní ni ọ̀rọ̀ fún ìjọba tí kì í ṣíjú kúrò lára gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Orwell sọ ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán hàn, tó sì ń wo ẹni tó ń wò ó, ní telescreen. Ó sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn dá nínú ọkàn rẹ̀ nìkan ní thoughtcrime. Ó sọ ẹni tí wọ́n pa, tí wọ́n tún pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé gbogbo, ní unperson. Doublethink ni kí ènìyàn gba ohun méjì tó takora gbọ́ pọ̀, kí ó sì gbàgbé pé wọ́n takora. Newspeak jẹ́ èdè tí ìjọba ń dín ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù lọ́dọọdún, kí ẹni tó fẹ́ tako ó má baà rí ọ̀rọ̀ fi tako. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni ó yẹ kí èyí kọ́kọ́ bà lẹ́rù. Doublespeak kò sí nínú ìwé náà rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ń kà á mọ́ ọn. Ní ti Big Brother, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà mọ̀ gẹ́gẹ́ bí eré orí tẹlifíṣọ̀n, etí Yorùbá gbọ́ nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni ẹni tó ń gbèjà àbúrò. Orúkọ ìbátan yìí gan-an ni ìjọba náà jí, kí ìṣọ́ni lè máa jẹ́ ìtọ́jú.

Nǹkan kan wà tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ dá lé. Ní oṣù Kàrún-ún ọdún 1949, láti orí ibùsùn àìsàn ní Cranham, ó fi orúkọ ènìyàn 38 ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìjọba kan tó ń ṣe ìpolongo lòdì sí Kọ́múnísì, pé kí wọ́n má gbé iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Charlie Chaplin wà nínú wọn, Peter Smollett náà sì wà. Ó tún kọ ìran tí ó fura sí pé àwọn kan ti wá sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ sọ pé ìwé àṣàyàn òṣìṣẹ́ lásán ni, pé kò fẹ́ kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀ orúkọ ni, a kọ ọ́ ní bòókẹ́lẹ́, a fi í fún ìjọba, ẹni tó sì kọ ọ́ ti ṣe ọlọ́pàá ọdún márùn-ún, ó mọ ohun tí fáìlì ń ṣe. Ọdún 2003 ni wọ́n tó gbé ìwé náà jáde. Fáìlì tí MI5 kọ nípa òun fúnra rẹ̀ di ohun tí gbogbo ènìyàn lè kà ní ọdún 2007.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1949 ó fẹ́ Sonia Brownell ní ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ 21 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1950 ni ó kú níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Wọ́n sin ín sí Sutton Courtenay, ní ọgbà ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì abúlé. Eric Arthur Blair ni wọ́n kọ sára òkúta ibojì rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n bí i àti ọjọ́ tí ó kú. Kò sí Orwell níbẹ̀.