Richard Lander, Ẹni tí Ó Tẹ̀lé Odò Ọya Dé Òkun

Kò sí ọmọ Ọ̀yọ́ kan tí kò mọ orúkọ Ọya. Ìyàwó Ṣàngó ni àwọn baba wa ń pè é, Ṣàngó tí ó jọba ní Ọ̀yọ́, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pe odò ńlá tí ó wà ní ìhà àríwá ilẹ̀ wa. Wọ́n ń wọ ọkọ̀ la odò náà kọjá sí ilẹ̀ Tápà, wọ́n ń jẹ ẹja inú rẹ̀, wọ́n sì ń bọ ọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí odò náà ti ṣẹ̀ wá àti ibi tí ó ń lọ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ta kókó fún gbogbo ayé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìtàn ọkùnrin tí ó tú kókó náà ni a fẹ́ sọ lónìí. Richard Lander ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti òkun wá sí Ọ̀yọ́ Ilé, ohun kan sì wà nínú ìwà rẹ̀ tí ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ fi sọ́kàn.

Kí a tó sọ ti ọkùnrin náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo odò. Odò Ọya gùn tó nǹkan bí 2,600 máìlì. Lórí òkè ilẹ̀ Gíní ni ó ti ṣẹ̀, níbi tí kò fi púpọ̀ ju 150 máìlì lọ jìnnà sí òkun. Dípò kí ó yà sí òkun tí ó súnmọ́ ọn yìí, ńṣe ni ó kọ ẹ̀yìn sí i, tí ó dojú kọ àríwá àti ìlà-oòrùn títí ó fi dé etí aṣálẹ̀ ní Tìmbúkútù. Níbẹ̀ ni ó ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, tí ó sì ṣàn padà sí gúúsù. Ẹni tí ó bá rí i ní apá kan kò lè fi ibẹ̀ mọ apá kejì. Àwọn ará òkè odò ń pè é ní Jóliba, àwọn Haúsá ń pè é ní Kwara, Èdù ni ti àwọn Tápà, Orimili ni ti àwọn Ìgbò, Ọya sì ni tiwa. Olúkúlùkù mọ èyí tí ó kọjá lẹ́yìn ilé rẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù jókòó, wọ́n sì ń jiyàn. Àwọn kan ní ìwọ̀-oòrùn ni odò náà ń ṣàn sí, títí Mungo Park, dókítà ará Scotland, fi dé Ségù ní oṣù July ọdún 1796, tí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ìlà-oòrùn ni ó kọjú sí. Nígbà náà ni iyàn tuntun bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ó lọ dà pọ̀ mọ́ odò Náílì ti ilẹ̀ Íjíbítì. James Rennell, ẹni tí a bu ọlá fún nínú iṣẹ́ yíya àwòrán ilẹ̀, sọ pé adágún kan ní àárín ilẹ̀ ni ó wọ̀, tí oòrùn sì ń fà á gbẹ níbẹ̀. Park tìkára rẹ̀ rò pé òun kan náà ni odò Kóńgò. Ó padà wá ní ọdún 1805 láti wò ó dé òpin, ṣùgbọ́n ní ọdún 1806 ó kú sínú omi ní Bussa, níbi tí odò ti ń já lórí àpáta, ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ ìkẹyìn sì bá a lọ. Ọkùnrin kan ṣì wà tí ń jẹ́ James MacQueen, tí ó ti ṣe alábòójútó oko ìrèké ní erékùṣù Grenada. Kò fi ẹsẹ̀ kan Áfíríkà, ṣùgbọ́n ó bi àwọn ẹrú tí a kó láti etí odò náà léèrè, ó sì ti ẹnu wọn mọ̀ pé gúúsù ni omi náà ń gbà bọ́ sí òkun. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn tí ó gbà á gbọ́ kò pọ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù February ọdún 1804 ni a bí Richard Lander ní Truro, ìlú kan ní ẹkùn Cornwall, ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhà ìwọ̀-oòrùn. Baba rẹ̀ ń tọ́jú ilé èrò, ẹ̀kọ́ ìwé tí ọmọ náà rí gbà kò sì pọ̀. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 11, ó bá oníṣòwò kan lọ sí erékùṣù West Indies, ibà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́lá, ó sì bá ọ̀gá kan dé gúúsù Áfíríkà. Nígbà tí ó gbọ́ ní ọdún 1825 pé Hugh Clapperton, ọ̀gágun ojú omi, ń múra ìrìn-àjò sí Sókótó, ó lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mú òun dání. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó bá a lọ ṣe. Kò sí ẹni tí ó rò pé yóò di ohun mìíràn.

Badagry ni wọ́n ti gúnlẹ̀ ní ìparí oṣù November ọdún 1825. Ibà kọlù wọ́n lójú ọ̀nà. Ọ̀gágun Pearce àti Dókítà Morrison kú, Lander pàápàá ṣàìsàn gidigidi. Nínú oṣù January ọdún 1826, àwọn tí ó kù wọ Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga. Májòtú ni Aláàfin nígbà náà. Ó gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì dá wọn dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ohun tí ó ju oṣù kan lọ. Ìrìn ọjọ́ díẹ̀ péré ni odò Ọya sí ààfin, ṣùgbọ́n ogun ti dí ọ̀nà ilẹ̀ Tápà, Aláàfin kò sì fẹ́ kí àlejò rẹ̀ gba ibẹ̀. Ọ̀nà Borgu ni wọ́n gbà.

Ní ọjọ́ 13 oṣù April ọdún 1827, Clapperton kú nítòsí Sókótó. Lander sin ọ̀gá rẹ̀, ó di àwọn ìwé rẹ̀ lẹ́rù, ó sì ku òun nìkan nínú àwọn Òyìnbó náà, ọmọ ọdún 23. Pascoe wà pẹ̀lú rẹ̀, ọmọ Haúsá tí a ti tà lẹ́rú rí, òun sì ni ògbufọ̀. Lander gbìyànjú láti yà sí gúúsù kí ó lè wá odò náà rí, ṣùgbọ́n a dá a padà lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó dé Badagry, àwọn Potogí tí ń ṣòwò ẹrú fi ẹ̀sùn kàn án pé amí ni. Wọ́n fún un ní omi májèlé mu láti fi dán an wò. Ó mu ún, ó yára lọ bì í, ó sì yè. Ní ọdún 1828 ó kó ìwé ọ̀gá rẹ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìsọnù.

Ẹlòmíràn ìbá ti sinmi. Lander ní kí ìjọba tún rán òun lọ, wọ́n sì gbà. John àbúrò rẹ̀, tí ó kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀, yọ̀ǹda láti bá a lọ láìgba owó kankan. Ní oṣù March ọdún 1830 wọ́n dé Badagry, Pascoe sì tún wà pẹ̀lú wọn. Ní oṣù May wọ́n wọ Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n tún rí Aláàfin, wọ́n sì gba Borgu lọ sí Bussa, níbi tí wọ́n dé ní ọjọ́ 17 oṣù June. Wọ́n wá ìwé Mungo Park títí, ìwé ìṣirò àwọn atukọ̀ kan àti àwọn bébà díẹ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n rí. Nínú oṣù September, nígbà tí odò kún, wọ́n wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, wọ́n sì jẹ́ kí omi máa gbé wọn lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe iṣẹ́ náà kò le láti lóye. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan wọ́n ń béèrè orúkọ ìlú tí ó kàn, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n gbọ́ àti ohun tí wọ́n rí, wọ́n sì ń bá omi lọ. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Wọ́n kọjá lẹ́bàá àpáta gíga ìtòsí Jẹ́bà, wọ́n kọjá Rabba ní ilẹ̀ Tápà. Nínú oṣù October wọ́n dé ibi tí odò Bẹ́núé ti bọ́ sínú Ọya, níbi tí a tẹ Lọ́kọ́ja dó sí lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù November, àwọn ọlọ́kọ̀ ogun kọlù wọ́n ní Kiri, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n da ọkọ̀ wọn nù, púpọ̀ nínú ìwé Richard sì ṣègbé. A mú wọn lọ bá ọba Abọ̀. Ọmọ ọba Brass kan tí àwọn Òyìnbó ń pè ní King Boy san owó ìràpadà wọn, ó sì gbé wọn lọ sí etí òkun, ní ìrètí pé ọlọ́kọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà níbẹ̀ yóò san án padà. Ọlọ́kọ̀ náà kọ̀ láti san kọ́bọ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 1 oṣù December ọdún 1830, wọ́n gúnlẹ̀ sí erékùṣù Fernando Po. Omi tí ó kọjá nítòsí Ọ̀yọ́ Ilé ti gbé wọn dé òkun.

Báwo ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe pamọ́ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn ọlọ́kọ̀ Yúróòpù ti ń ra ẹrú àti epo ní Brass àti Bonny láti ìgbà pípẹ́. Lójú ẹnu odò náà gan-an ni wọ́n dúró sí, wọn kò mọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí odò ńlá bá súnmọ́ òkun, ilẹ̀ a tẹ́jú, eré omi a dínkù, iyanrìn àti ẹrẹ̀ tí ó gbé wá a sì rì sílẹ̀. Ẹrẹ̀ náà a dí i lọ́nà, odò a pín sí ẹ̀ka púpọ̀ láàárín àbàtà. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan dàbí odò kékeré lásán, igbó orí omi sì bò ó lójú. Ẹni tí ó dúró sí òkun kò lè mọ̀ pé omi kan náà ni gbogbo wọn. Ẹni tí ó ti òkè wá nìkan ni ó lè mọ̀.

Ní ọdún 1832 ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ayé ní Lọ́ńdọ̀nù fún Lander ní ẹ̀bùn ọba, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Ọmọ ọ̀dọ̀ náà dáhùn ohun tí àwọn ọ̀gá kò lè dáhùn. Ní ọdún kan náà ó tún bá Macgregor Laird àti àwọn oníṣòwò Liverpool wá, pẹ̀lú ọkọ̀ méjì tí ń fi agbára ooru omi rìn. Òyìnbó 48 ni ó wọ odò náà; ibà pa wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé 9 ni ó padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1834, bí Lander ti ń gòkè odò lọ, a yìnbọn lù ú ní Angiama. Wọ́n gbé e dé Fernando Po, ibẹ̀ ni ó sì kú sí nínú oṣù February, kí ó tó lo ọdún 30 pé tàbí nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé e.

Ọ̀nà tí ó ṣí kò tì mọ́. Ní ọdún 1854 Dókítà Baikie fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní quinine lo, ó gòkè odò náà, kò sì sí ẹnì kan tí ibà pa; Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà nínú ọkọ̀ náà. Ìwé àti ìyìn rere gba ọ̀nà yìí wọlé. Àwọn oníṣòwò ńlá náà gbà á wọlé. Ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company gba àṣẹ ọba ní ọdún 1886, ó sì sé òwò mọ́ àwọn ará Brass lọ́wọ́ títí wọ́n fi dìde ogun sí i ní Akassa ní ọdún 1895. Àwọn ènìyàn King Boy, ẹni tí ó ra Lander padà, ni wọ́n pàdánù jù. Kò yẹ kí a sọ apá kan ìtàn kí a fi apá kejì pamọ́ fún àwọn ọmọ tí a ó kọ́.

Nítorí náà, a kò gbà pẹ̀lú àwọn ìwé tí ó sọ pé Lander ni ó ṣàwárí odò Ọya. Àwọn tí ó ń mu omi rẹ̀ kò sọ ọ́ nù rí. Ohun tí ó ṣe ni pé ó so ìmọ̀ Borgu mọ́ ti Tápà, ó so ti Tápà mọ́ ti Ìgbò àti ti Brass, títí gbogbo rẹ̀ fi di odò kan ṣoṣo. Fún èyí ni a ṣe bu ọlá fún un, àti fún Pascoe, ẹni tí kò bá sí, Lander ì bá máa rí ìlú láìgbọ́ èdè wọn.

Lónìí Ọ̀yọ́ Ilé ti di ahoro nínú ọgbà ẹranko tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1991. Ẹtu àti ọ̀bọ ni wọ́n ń rìn ní ibi tí Aláàfin ti gba àlejò. Bussa àtijọ́ wà lábẹ́ omi láti ìgbà tí a ti sé odò náà ní Kainji ní ọdún 1968. Síbẹ̀ omi ṣì ń kọ́ni. Ní agbègbè náà, odò Ọya a máa kún ní ìgbà méjì lọ́dún. Ìkún àkọ́kọ́ ni ti òjò ìtòsí, ó dàpọ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Omi funfun ni a ń pè é. Ìkún kejì a dé ní àárín ọ̀gbẹlẹ̀, ó mọ́ gaara. Omi dúdú ni. Òjò tí ó rọ̀ ní ilẹ̀ Gíní ní oṣù púpọ̀ sẹ́yìn ni, tí ó pẹ́ nínú àbàtà ńlá kí ó tó dé Tìmbúkútù. Ẹni tí kò mọ orísun kò lè mọ ìdí tí odò fi ń kún nígbà tí òjò kò rọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí a bá dé ilé ẹ̀kọ́ tí a ó rán wa lọ, ẹ má jẹ́ kí a fi orúkọ odò ilẹ̀ òkèèrè nìkan kọ́ àwọn ọmọ. Odò Ọbà tí ó wà nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́ ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun sì ń lọ sí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n odò Asà ní Ìlọrin kọjú sí àríwá, ó ń lọ bá Ọya. Láàárín ìlú méjèèjì yìí, òjò kan náà lè rọ̀, kí apá kan rẹ̀ gba ọ̀nà kúkúrú dé òkun, kí apá kejì sì gba Lọ́kọ́ja àti Abọ̀ kọjá kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kó àwọn ọmọ jáde lọ sí etí omi tí ó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, kí a bi wọ́n léèrè ibi tí ó ń lọ, kí a sì rán wọn lọ bi àwọn àgbà. Bí Lander ti ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.