Ẹni Ọ̀wọ̀ Carl Reindorf ti Accra: Owó, Ìwé àti Ìgbàgbọ́

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ìbátan tí ó ti gbé ìlú Accra rí, kí àṣẹ tí ìjọba Ghana pa ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ènìyàn wa padà wá sílé. Àwọn àgbà tí wọ́n ṣòwò níbẹ̀ mọ àdúgbò Osu létí òkun dáadáa, níbi tí ilé olódi ńlá Christiansborg wà. Ní àdúgbò náà ni ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí ti kọ́ ìwé, tí ó sì ti sin Olúwa. A yan ìtàn rẹ̀ nítorí ìbéèrè kan tí kì í tán lẹ́nu àwọn àlùfáà àti àwọn olùrànlọ́wọ́ wa: ṣé òtítọ́ ni pé bí ènìyàn bá ti kàwé púpọ̀, tí ó sì ti lówó lọ́wọ́, ìgbàgbọ́ rẹ̀ a máa di tútù?

A bí Carl Christian Reindorf ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1834 ní Prampram, ìlú kan ní etí òkun ní ìhà ìlà-oòrùn Accra. Ọmọ Gã ni ìyá rẹ̀. Ti bàbá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Gã àti ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Dẹ́nmáàkì ni ó dàpọ̀ nínú rẹ̀. Bàbá yìí ti ṣe ọmọ-ogun ní Christiansborg rí, kí ó tó di aṣojú oníṣòwò. Àwọn ará Dẹ́nmáàkì ni wọ́n ni ilé olódi náà títí di ọdún 1850, nígbà tí wọ́n tà á fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni ọmọ náà ṣe bá owó àti ìwé pàdé láti kékeré: òwò ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ilé-ẹ̀kọ́ inú ilé olódi ni a sì kọ́kọ́ mú un lọ. Èdè Dẹ́nmáàkì ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, èdè tí kì í ṣe ti ilé ìyá rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Ẹgbẹ́ Ajíhìnrere Basel, tí wọ́n ti ilẹ̀ Switzerland wá. Ní ọdún 1850 ni ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Johannes Zimmermann, dé sí Osu. Ọkùnrin yìí gbà pé bí Ìhìnrere yóò bá wọ inú ọkàn, èdè ìyá ẹni ni ó gbọ́dọ̀ bá wọlé. Ó kọ́ èdè Gã, ó tẹ ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní ọdún 1858, òun àti àwọn ọmọ Gã tí wọ́n ràn án lọ́wọ́ sì parí ìtumọ̀ Bíbélì lódindi ní ọdún 1866. Ẹ rántí pé ọdún 1884 ni Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó parí Bíbélì tiwa. Reindorf jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí Zimmermann kọ́. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó ti rí i pé èdè tí ìyá òun fi ń pe òun jẹun tó èdè tí a lè fi kọ Ìwé Mímọ́.

Ìgbà náà kò rọgbọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, àwọn ará Osu kọ̀ láti san owó-orí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì fi ìbọn ńlá wó ìlú náà. Àwọn ajíhìnrere àti àwọn ọmọ ìjọ kó lọ sí Abokobi. Ọmọ ogún ọdún ni Reindorf nígbà náà. Nínú àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó di katikíìsì àti olùkọ́, ó sì gbéyàwó. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1862, ó fi iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀, ó sì yà sí òwò ṣíṣe.

Níbí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ìbá ti pa ìwé ìtàn rẹ̀ dé. A óò ní owó ti gba ọmọ náà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rọra dájọ́. Owó katikíìsì kì í tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kì í mọ̀ pé owó oṣù bàbá òun kéré. Àwọn Ẹgbẹ́ Basel fúnra wọn ti dá ilé-iṣẹ́ òwò sílẹ̀ ní ọdún 1859, nítorí wọ́n mọ̀ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Òwò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ìjọ pàdánù òṣìṣẹ́ kan tí ó ti kọ́, ọwọ́ òwò ni ó sì bọ́ sí.

Ohun tí Reindorf ṣe ní àwọn ọdún náà ni ó yẹ kí a wò. Ó mọ egbòogi àti ìtọ́jú ọgbẹ́. Nígbà tí ogun Ada àti Anlo bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1866, ó lọ sójú ogun láti tọ́jú àwọn tí ó gbọgbẹ́. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò kú. Ìjọ náà kò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn: ní ọdún 1872, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn Basel yàn án sí oyè àlùfáà. Ó padà di olùkọ́ ní Osu. Lẹ́yìn náà ó ṣe àlùfáà ní Mayera, ìletò kékeré kan tí ó jìnnà sí ọjà etí òkun. Ó tún dá oko kọfí, kò sì ka iṣẹ́ ọwọ́ sí ohun ìtìjú fún àlùfáà.

Ìwé tí ó kọ́ ńkọ́? Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ìtàn ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ọkùnrin àti obìnrin tí iye wọn lé ní 200. Nínú ìwádìí yìí ni ó ti kọ ìtàn Gold Coast àti Asante, tí a tẹ̀ jáde ní Basel ní ọdún 1895. Ó ti kọ ìtàn náà ní èdè Gã pẹ̀lú. Christaller, ẹni tí ó tú Bíbélì sí èdè Twi, wà lára àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́ kí ìwé náà tó jáde.

Ìdánwò tí ó le jù fún ọ̀mọ̀wé wá dé ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Láàárín ọdún 1908 sí 1912, ó wà lára àwọn tí ó ṣe àtúnyẹ̀wò Bíbélì Gã. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ni a gbé síwájú rẹ̀ pé kí ó yẹ̀ wò, ìwé tí ìjọ ti ń fi gbàdúrà láti ọdún 1866. Àwọn kan a máa rí àṣìṣe nínú ìtumọ̀, wọn a sì fi ṣe ìdí láti kọ Ìwé náà sílẹ̀. Àwọn mìíràn a máa bẹ̀rù láti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kan, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ olùtumọ̀ ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gan-an. Reindorf jókòó ti iṣẹ́ náà. Ìmọ̀ èdè tí ó ti kó jọ lẹ́nu àwọn àgbà láti ọdún pípẹ́, inú Ìwé Mímọ́ ni ó ti ná an.

Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1917. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún náà, nítorí ogun àgbáyé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé àwọn ajíhìnrere Basel kúrò ní ilẹ̀ náà. Àwọn òyìnbó lọ, ìjọ kò wó. Àwọn ọmọ ilẹ̀ tí a ti kọ́, tí a sì ti yàn bí a ti yan Reindorf, wà nílẹ̀, Bíbélì sì wà lọ́wọ́ wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Kí ni a rí kọ́? Owó lè fa ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ. Ó fa Reindorf. Ìwé náà lè gbé ènìyàn ga débi tí kò fi ní lè bá ará ìletò jókòó mọ́. Ṣùgbọ́n méjèèjì dà bí ọkọ́ tí a kó fún ọmọ: ibi tí ó bá roko sí ni a óò fi mọ ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún. Nítorí náà, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ìjọ tí ó lọ sọ́jà. Ẹ̀yin olùtumọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù àtúnyẹ̀wò bà yín. Ẹ̀yin tí Olúwa fi owó fún, ẹ rántí pé Bíbélì tí ẹ mú dání kò dé ọ̀dọ̀ yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnì kan ni ó náwó sí i, ẹlòmíràn ni ó fi ojú rẹ̀ ṣiṣẹ́ sí i lálẹ́.