Alberto Santos-Dumont, ọkùnrin tó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè ní ọkọ̀ òfurufú tirẹ̀

Bí ọkọ̀ òfurufú bá ń kọjá lórí abúlé wa, àwọn ọmọdé á sáré jáde, wọ́n á máa juwọ́ sí i. Àwa àgbà náà á gbójú sókè. Ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wa ni pé nǹkan ìjọba ni, tàbí nǹkan ilé iṣẹ́ olówó gọbọi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ti wà láyé rí tó gbà pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni lè ní ọkọ̀ òfurufú kékeré tirẹ̀, kó máa tọ́jú rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì máa fi í lọ síbi tó bá wù ú, bí a ṣe ń gun alùpùpù lónìí. Alberto Santos-Dumont lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Bràsíl ni, àmọ́ Paris ló ti ṣe iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí. Ìtàn rẹ̀ la mú wá fún yín. Ó dùn, ó sì tún dunni.

Ọmọ olóko kọfí

Ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 1873 ni wọ́n bí i, ní oko kan tí wọ́n ń pè ní Cabangu, ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais. Bàbá rẹ̀, Henrique Dumont, jẹ́ ọmọ ìran Faransé, iṣẹ́ ẹ̀rọ ló sì kọ́. Nígbà tó yá, bàbá yìí ra ilẹ̀ nítòsí Ribeirão Preto ní ìpínlẹ̀ São Paulo, ó gbin kọfí síbẹ̀, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn olóko kọfí tó tóbi jù ní Bràsíl.

Àwọn Àgùdà tó wà ní Àjàṣẹ́ mọ Bràsíl nínú ìtàn ilé wọn, torí ibẹ̀ ni àwọn bàbá ńlá wọn ti padà wá lẹ́yìn oko ẹrú. Ẹ jẹ́ ká rántí pé ọdún 1888 ni wọ́n tó fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀, nígbà tí Alberto ti ń lọ sí ọmọ ọdún 15. Ọmọ olówó ni Alberto, a ò ní í fi ìyẹn pa mọ́. Owó bàbá rẹ̀ ló fi ṣe gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ yìí.

Ẹ̀rọ pọ̀ ní oko náà: ẹ̀rọ tó ń bó kọfí, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ẹ, ọkọ̀ ojú irin tó ń kó o lọ. Ọmọ ọdún 7 ni Alberto nígbà tó ti ń wa àwọn ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ lóko. Nígbà tó di ọmọ ọdún 12, wọ́n ti ń jẹ́ kó wa ọkọ̀ ojú irin. Ó máa ń wo èyí tó tètè ń bàjẹ́ nínú àwọn ẹ̀rọ náà, á sì máa ro ohun tó fà á.

Bàbá rẹ̀ ṣubú nínú ìjàǹbá kan, apá kan ara rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ta oko náà, wọ́n lọ sí Paris nítorí ìtọ́jú. Ní ọdún 1892, ó pín ogún Alberto fún un, ó sì gbà á nímọ̀ràn pé kó padà sí Paris lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ. Ọdún yẹn náà ló kú. Alberto kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà, owó sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àpò gáàsì lókè Paris

Ní ọdún 1898, ó gun ballon fún ìgbà àkọ́kọ́, ìyẹn àpò ńlá tí wọ́n fi gáàsì kún, tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ síbi tó bá wù ú. Lọ́dún yẹn náà ló ní kí wọ́n fi sẹ́dà Japan rán tirẹ̀. Ó kéré débi pé àwọn tó ń rán ballon fún un ń ṣiyèméjì bóyá ó lè gbé ènìyàn. Ó gbé e. Ara òun náà fúyẹ́, bí kílò 50 péré ló wọ̀n.

Ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn kí afẹ́fẹ́ máa gbé òun kiri bí ewé gbígbẹ. Ó so ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ẹsáǹsì mọ́ ìsàlẹ̀ àpò gáàsì gígùn kan kó lè máa darí rẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rù, torí iná kì í jìnnà sí irú gáàsì bẹ́ẹ̀. Òun kò dúró. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, á ṣe òmíràn, á sì fún un ní nọ́ńbà: No. 1, No. 2, No. 3, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1901, No. 5 jò, ó sì já lu òrùlé òtẹ́ẹ̀lì kan ní Trocadéro. Àwọn panápaná ló fi okùn fa Alberto sókè láti ara ògiri. Ṣé ó wá jáwọ́? Rárá o. Lọ́jọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ó fi No. 6 gbéra ní Saint-Cloud, ó yí Tour Eiffel po, ó sì padà, torí ẹ̀bùn kan wà fún ẹni tó bá ṣe é láàárín ìṣẹ́jú 30. Ẹ̀bùn náà jẹ́ fráńkì 100,000. Wọ́n kọ́kọ́ jiyàn lórí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, níkẹyìn wọ́n fún un. Kò mú owó náà lọ sílé: ó pín in fún àwọn tálákà Paris àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1903, ó ṣe No. 9, èyí tí wọ́n ń pè ní Baladeuse. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ gidi nìyí. Á gùn ún wá sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Champs-Élysées, á so ó mọ́lẹ̀ níta bí ẹni so ẹṣin, á wọlé lọ mu kọfí, lẹ́yìn náà á tún gbéra. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, ó kọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Aída de Acosta, ọmọ Amẹ́ríkà tí ẹbí rẹ̀ ti Cuba wá. Ọmọbìnrin yìí dá gbé No. 9 lọ, Alberto ń gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e nílẹ̀, ó sì ń júwe fún un. Aída ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa ọkọ̀ òfurufú tó ní ẹ́ńjìnnì.

Ọwọ́ méjèèjì Alberto máa ń dí lókè, kò ráyè fa aago yọ nínú àpò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Louis Cartier ló bá a ṣe aago tó lè so mọ́ ọrùn ọwọ́. Aago Santos tí wọ́n ń tà títí dòní, ibẹ̀ ló ti wá.

Lẹ́yìn èyí ló kúrò lórí àpò gáàsì, ó kọjú sí ọkọ̀ oníyẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1906, ní Bagatelle, ọkọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ 14-bis fò tó nǹkan bíi mítà 60 lójú gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá, ó fò mítà 220. Àwọn ará Bràsíl ń pè é ní bàbá ọkọ̀ òfurufú. Àwọn Amẹ́ríkà ní tiwọn ń sọ pé àwọn ọmọ Wright ti fò ní ọdún 1903, òótọ́ sì ni. Kì í ṣe ìjà yẹn la fẹ́ jà níbí.

Demoiselle

Ohun tó jẹ́ ká kọ ìtàn yìí gan-an ni ọkọ̀ tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1907, ó sì tún un ṣe dáadáa títí di 1909. Demoiselle lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Faransé mọ̀ pé ọ̀dọ́mọbìnrin lọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n sì tún ń fi pe lámilámi, kòkòrò tó ń fò lórí omi. Bí ọkọ̀ náà ṣe rí nìyẹn lóòótọ́.

Ọparun ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀. Sẹ́dà ni wọ́n nà bo ìyẹ́ rẹ̀. Okùn irin tín-ínrín ló di gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà méjì wà lókè, láàárín ìyẹ́ méjèèjì. Awakọ̀ jókòó sísàlẹ̀, láàárín àwọn táyà. Ìwọ̀n gbogbo rẹ̀ lé díẹ̀ ní kílò 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fúyẹ́ tó alùpùpù zém. Ọwọ́ ló fi ń darí ìrù rẹ̀. Ní ti ìyẹ́, ó so ọ̀pá kan mọ́ ẹ̀yìn kóòtù tó wọ̀: bó bá fara sí ọ̀tún tàbí òsì, ìyẹ́ á tẹ̀ lé e. Àfi bí ìyá tó pọn ọmọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1909, ó gbé e láti Saint-Cyr lọ sí Buc, kìlómítà 8, láàárín ìṣẹ́jú 5. Ó tún fi í lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, á sì bà sórí koríko iwájú ilé wọn.

Wàyí o, ẹni tó bá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gba brevet, ìwé tí kò ní í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é láìsanwó. Alberto kò gbà á. Ó gbé àwòrán Demoiselle sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kàn án. Ní 1910, ìwé ìròyìn Popular Mechanics ní Amẹ́ríkà tẹ àwòrán náà pẹ̀lú ìlànà bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ilé iṣẹ́ Clément-Bayard ní Faransé náà ṣe bíi 50. Roland Garros, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá tẹ́nìsì tó wà ní Paris, orí Demoiselle ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Ara Alberto ni wọ́n wọ̀n ọkọ̀ náà sí. Ẹni tó bá sanra kì í rọrùn fún láti gbé e kúrò nílẹ̀. Okùn irin wọ̀nyẹn sì ń fẹ́ àyẹ̀wò lójoojúmọ́. Àwọn àgbà sọ pé a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Lọ́jọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1910, okùn irin kan ṣoṣo já lókè, ìyẹ́ ṣẹ́, Demoiselle sì já bọ́ pẹ̀lú ẹni tó ṣe é. Orí ló yọ ọ́. Ọdún yẹn náà ni àìsàn iṣan wọ̀ ọ́ lára, ó sì ṣíwọ́ fífò. Ọmọ ọdún 36 péré ni.

Àdá tó di ohun ìjà

Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Alberto ń gbé létí òkun ní Bénerville, ó ń fi ẹ̀rọ awò wo ìràwọ̀. Àwọn aládùúgbò ní amí Jámánì ni. Wọ́n wá tú ilé rẹ̀. Inú bí i débi pé ó dáná sun àwọn ìwé àti àwòrán iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló padà sí Bràsíl, ó kọ́ ilé kékeré kan sí Petrópolis.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni pé ọkọ̀ òfurufú ti di ohun tí wọ́n fi ń ju bọ́ǹbù lu ènìyàn. Ẹ wo àgbẹ̀dẹ tó rọ àdá fún iṣẹ́ oko, tó wá rí i pé wọ́n fi ń ṣá ọmọ aráyé. Ní ọdún 1926, ó kọ̀wé sí Société des Nations pé kí wọ́n fòfin de lílo ọkọ̀ òfurufú lójú ogun. Wọn ò ṣe é.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1928, ó ń ti Yúróòpù bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ọ̀mọ̀wé Bràsíl kan gbé ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n sọ lórúkọ rẹ̀ láti wá pàdé rẹ̀ ní etí òkun Rio. Ojú rẹ̀ ni ọkọ̀ náà ṣe já sínú omi, gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ó bá wọn lọ síbi ìsìnkú. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkàn rẹ̀ kò tún balẹ̀ mọ́.

Ní oṣù keje ọdún 1932, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní São Paulo, ọmọ Bràsíl ń ju bọ́ǹbù lu ọmọ Bràsíl láti òkè. Alberto wà ní Guarujá nígbà náà, ara rẹ̀ kò yá. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ọjọ́ kẹta tó pé ọmọ ọdún 59, ó gbẹ̀mí ara rẹ̀. Kò fẹ́ ìyàwó, kò bímọ.

Àmọ́ orúkọ rẹ̀ kò parun. Ìlú tó súnmọ́ oko tí wọ́n ti bí i ń jẹ́ Santos Dumont, pápákọ̀ òfurufú kan ní Rio náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Faransé àti níbòmíràn lónìí, àwọn ènìyàn ń ní ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní ULM. Wọ́n ń gbé e sínú ahéré, wọ́n ń di nọ́ọ̀tì rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ wo okùn irin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbéra láàárọ̀. Ọ̀nà tí Demoiselle là ni wọ́n ń tọ̀.

Bí ẹ bá tún rí lámilámi lórí odò, ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ. Ó dìgbà kan ná.