Kúrunmí Ìjàyè: Jagunjagun tí ó bá Ọba jà nítorí Òfin

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá jókòó ti àwọn àgbà ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Òkèhò, tí ọ̀rọ̀ ogun àtijọ́ sì délẹ̀, kì í pẹ́ tí orúkọ Kúrunmí fi ń jẹ yọ. Bí orúkọ náà bá sì ti jẹ yọ, àríyànjiyàn dé nìyẹn. Àwọn kan yóò ní akọni tòótọ́ ni, nítorí pé ó kú sórí òfin tí ó bá láyé. Àwọn mìíràn yóò ní agbéraga ni, tí ó fi ẹ̀mí ènìyàn púpọ̀ ṣòfò. Bí ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ ológun rí bá wà láàrin wọn, ìbéèrè tirẹ̀ tún lágbára ju tiwọn lọ: ta ni ọmọ ogun búra fún, ṣé ọba ni, tàbí òfin tí ó gbé ọba dúró? Nítorí ìbéèrè yìí ni mo ṣe fẹ́ kí á jọ gbé ìgbésí ayé Kúrunmí yẹ̀ wò lónìí.

ỌMỌ ÈSÌẸ̀LẸ̀

Èsìẹ̀lẹ̀, ìlú kan ní ilẹ̀ pápá Ọ̀yọ́ àtijọ́, ni orírun Kúrunmí. Kò bá ayé ìrọ̀rùn. Nígbà tí ó ń di ọkùnrin ni ìjọba Ọ̀yọ́ ń fọ́ bí ìkòkò. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti kọ̀yìn sí Aláàfin ní Ìlọrin. Àwọn Fúlàní tí ó pè mọ́ra sì ti gba Ìlọrin mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹlẹ́ṣin ń tú àwọn ìlú pápá ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Èsìẹ̀lẹ̀ àti Ìkòyí wà lára àwọn tí ó di ẹrù, tí wọ́n kọrí sí gúúsù, sí ẹ̀bá igbó níbi tí ẹṣin kò ti rí ọ̀nà sáré. Ìjàyè, tí í ṣe ìlú Ẹ̀gbá tẹ́lẹ̀, ni wọ́n fi ṣe ibùdó.

Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá ni ènìyàn ń sá tọ̀, bí kò ṣe ẹni tí ó lè gbà á lọ́wọ́ ọ̀tá. Kúrunmí mọ ogun í jà, ó sì láyà. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo Ìjàyè bọ́ sí abẹ́ àṣẹ rẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1836, Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní Àgọ́-Ọ̀jà, ó sì di Aláàfin. Àtìbà mọ̀ pé ogun tí ó wà lọ́wọ́ òun kò tó láti dáàbò bo ilẹ̀ tí ó kù. Ọgbọ́n tí ó dá ni pé ó pín ìṣọ́ ilẹ̀ náà láàrin akọni méjì. Ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó ní kí ó máa mójú tó ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn. Ó fi Kúrunmí jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ó ní kí ó máa mójú tó ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ìlú Òkè-Ògùn wà. Báyìí ni ọ̀rọ̀ Kúrunmí ṣe di ọ̀rọ̀ àwọn ará Òkè-Ògùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjàyè kò sí láàrin wọn.

OYÈ TÍ KÌ Í GBÉ Ẹ̀GBẸ́ ỌBA

Oyè Kakaǹfò kì í ṣe oyè àwàdà. Ní ọjọ́ ìwúyè, wọn a fá orí ẹni náà, wọn a sín gbẹ́rẹ́ igba ó lé kan sí i ní ìpàkọ́, wọn a sì fi oògùn ra ojú gbẹ́rẹ́ náà. Irun tí ó bá hù níbẹ̀ kò ní rí abẹ mọ́. Dídì ni wọ́n ń dì í. Ìkóóde ni wọ́n fi ń ṣe fìlà rẹ̀. Awọ ẹkùn ni ìbàǹtẹ́ rẹ̀, òun náà sì ni ó ń jókòó lé. Lẹ́ẹ̀kan láàrin ọdún mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ lọ sí ogun níbi tí ọba bá dárúkọ. Láàrin oṣù mẹ́ta, yálà kí ó ṣẹ́gun bọ̀ tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Kì í sì í bá ọba gbé olú ìlú. Ìlú ẹ̀bá ààlà ni ibùgbé rẹ̀.

Àwọn àgbà ti kíyè sí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí Kakaǹfò kan tí kò ṣe orí kunkun sí Aláàfin. Wọ́n ní oògùn ìpàkọ́ ni ó ń gun wọ́n. Èmi kò ní bá àgbà jiyàn oògùn, ṣùgbọ́n ètò oyè náà fúnra rẹ̀ tó oògùn. Ẹni tí a kọ́ pé kò gbọdọ̀ sá, tí kò gbọdọ̀ padà láìṣẹ́gun, tí a fún ní ìlú tirẹ̀ àti ogun tirẹ̀, ibo ni yóò ti kọ́ ìtẹríba? Ó jọ pé ìdí rẹ̀ nìyí tí wọn kò fi jẹ́ kí ó gbé nítòsí ààfin. Jíjìnnà yìí dáàbò bo ọba, ṣùgbọ́n ó sọ Kakaǹfò di ọba níbi tí ó wà.

ÌJÀYÈ LÁBẸ́ ÀÀRẸ

Bí ọ̀rọ̀ ti rí ní Ìjàyè gan-an nìyẹn. Kí á fi Ìbàdàn wé e, kí ó lè yé wa. Ní Ìbàdàn, akọni pọ̀, olúkúlùkù ni ó ní agbo ilé àti ọmọ ogun tirẹ̀. Baálẹ̀, Balógun, Ọ̀tún àti Òsì ní láti jókòó kí wọ́n tó dìde ogun. Ìlú aláriwo ni. Wọ́n ń jà láàrin ara wọn, wọ́n sì ń lé ara wọn jáde. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kò lè dá ilé àti oko jẹ níbẹ̀.

Ní Ìjàyè, Kúrunmí nìkan ni igi ńlá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gígé ni ó ń gé e. Òun ni ó ń dájọ́, òun ni ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, òun náà ni ó sì ń ṣe olórí nínú ìbọ àwọn òrìṣà ìlú. A kò ní fi ìtàn du ẹ̀tọ́ rẹ̀: ìlú rẹ̀ tóbi, ọjà rẹ̀ kún, orúkọ rẹ̀ sì ń ba olè lẹ́rù. Nígbà tí àwọn oníwàásù òyìnbó dé Ìjàyè ní nǹkan bí ọdún 1853, Bowen ti ìjọ Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà àti Adolphus Mann ti C.M.S., ó gbà wọ́n láyè láti gbé ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọlá ńlá yìí, ohun kan ni kò sí ní Ìjàyè: ẹni tí ó lè wo ojú Ààrẹ kí ó sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́.

Òun àti Ìbàdàn ti fi agbára han ara wọn ṣáájú, nínú Ogun Bátẹdó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1844. Ìjà náà parí, ìkùnsínú kò parí. Olúyọ̀lé kú ní 1847. Láti ìgbà náà ni Kúrunmí ti di àgbà jagunjagun nínú àwọn tí Àtìbà gbé ilẹ̀ lé lọ́wọ́.

Ọ̀RỌ̀ ÀRẸ̀MỌ

Ní Ọ̀yọ́, Àrẹ̀mọ, àkọ́bí Aláàfin, a máa bá bàbá rẹ̀ jọba jẹ ayé. Ní ọjọ́ tí ọba bá wàjà, ó di dandan kí Àrẹ̀mọ náà kú. Ìdí òfin náà kò ṣòro: ọmọ tí ó mọ̀ pé ikú bàbá òun ni ikú òun kò ní fi májèlé sínú oúnjẹ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àtìbà fẹ́ràn Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, ẹni tí ó bá a jìyà ìtẹ̀dó. Nígbà tí ó ṣe ọdún Bẹbẹ ní òpin ayé rẹ̀, ó bẹ àwọn ìjòyè pé kí wọ́n jẹ́ kí Adélù jọba lẹ́yìn òun. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí kọ̀. Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù gun orí ìtẹ́, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kò sì lọ forí balẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ẹjọ́ náà sórí òṣùwọ̀n, nítorí ibí yìí ni àríyànjiyàn àwọn jagunjagun gbóná sí jù. Èrò Kúrunmí ni pé òfin tí ọba yí padà nítorí ìfẹ́ ọmọ rẹ̀ kì í ṣe òfin mọ́. Bí ẹni tí a fi ìkóóde dé lórí láti ṣọ́ ìtẹ́ bá dákẹ́, kí ni ó ń ṣọ́? Èrò Ìbàdàn ni pé ilẹ̀ tí ogun ti tú kò lè máa pa ọmọ ọba tí ó mọ ìjọba í ṣe, àti pé ohun tí àwọn àgbà fi ẹnu kò lé lórí láyé kan, àwọn àgbà ayé mìíràn lè tún un ṣe.

Ìtàn ti Ìbàdàn lẹ́yìn ju bí Kúrunmí ti rò lọ. Òfin ikú Àrẹ̀mọ kì í ṣe láti ayé Odùduwà. Láyé ìṣáájú, ọmọ a máa jọba tẹ̀lé bàbá. Ìgbà ayé Aláàfin Òjígí, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ni ìwà Àrẹ̀mọ kan burú débi tí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì fi sọ ọ́ di òfin pé Àrẹ̀mọ yóò máa bá bàbá rẹ̀ kú. Èyí ni pé àṣà tí Kúrunmí fẹ́ kú sí, àtúnṣe àṣà ni òun náà.

Bóyá ọ̀rọ̀ ì bá mọ lórí ìkùnsínú. Ṣùgbọ́n obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Àbú kú ní Ìjànnà láìní àrólé. Lójú òfin, ọba ni ó ni ogún bẹ́ẹ̀. Adélù rán ènìyàn lọ kó o. Kúrunmí, tí ó ka ìhà ìwọ̀-oòrùn sí abẹ́ ìṣọ́ tirẹ̀, dènà dè wọ́n. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Ẹni tí ó ní òun ń gbèjà òfin ìtẹ́ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ já òfin ìtẹ́.

OGUN DÉ

Nígbà tí ọ̀ràn dé iwájú àwọn ìjòyè Ìbàdàn, ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Ìbíkúnlé, tí í ṣe Balógun, kò fẹ́ kí wọ́n gbógun ti Ìjàyè, nítorí pé ẹbí àti ará ni wọ́n. Ògúnmọ́lá, tí í ṣe Ọ̀tún rẹ̀, ní àfi kí wọ́n jà. Ọ̀rọ̀ Ògúnmọ́lá ni ó borí, ṣùgbọ́n wọ́n ti jiyàn rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì jáde, Ìbíkúnlé náà jáde pẹ̀lú wọn. Ní Ìjàyè, ẹnìkan ni ó rò ó, ẹnìkan ni ó pinnu.

Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Àwọn Ẹ̀gbá, tí wọ́n ti jẹ́ ọ̀tá Ìjàyè rí, wá ràn án lọ́wọ́, nítorí wọn kò fẹ́ kí Ìbàdàn gba gbogbo ilẹ̀. Ìbọn pọ̀ lọ́wọ́ tọ̀tún tòsì. Kúrunmí arúgbó jà bí ọmọdé, ṣùgbọ́n ogun náà gbà á ní ohun tí a kì í san padà: ìtàn sọ pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin márùn-ún ṣubú ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Nígbà tí ọ̀nà oko há, Òkè-Ògùn ni Ìjàyè gbójú lé fún oúnjẹ. Àwọn ọmọ ogun Ìjàyè àti Ẹ̀gbá ń gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ wá iṣu àti ọkà bàbà. Ìbàdàn mọ̀ pé ikùn ni agbára ogun. Wọ́n gbé ogun tọ ọ̀nà náà, wọ́n sì fọ́ Ìwawùn, ìlú kan ní Òkè-Ògùn. Àwọn ará Ìwawùn kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jiyàn ọ̀rọ̀ Àrẹ̀mọ. Ẹnìkan kò bi wọ́n léèrè. Síbẹ̀ orí wọn ni ó fọ́.

Ebi wọ Ìjàyè. Òbí ń fi ọmọ wọn ṣe ìwọ̀fà fún àwọn Ẹ̀gbá nítorí oúnjẹ. Àwọn mìíràn fà wọ́n lé àwọn oníwàásù lọ́wọ́, tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Ìbànújẹ́ pa Kúrunmí ní 1861. Abógunrìn gba ogun lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta 1862, Ìjàyè fọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n là á já sá lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí orúkọ Ìjàyè ṣì wà di òní.

KÍ NI Ó GBẸ̀YÌN RẸ̀?

Àṣà tí Kúrunmí kú lé lórí kò jí mọ́. Nígbà tí Adélù náà wàjà, kì í ṣe Àrẹ̀mọ rẹ̀ ni ó jọba. Ọmọ Àtìbà mìíràn, Adéyẹmí Kìíní, ni wọ́n fi jẹ ní 1876. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun náà wàjà ní 1905, ọmọ rẹ̀ Láwànì ni ó jọba tẹ̀lé e, láìsí ogun. Ohun tí ìlú ńlá tìtorí rẹ̀ parun ti wá di ohun tí àwọn àgbà ń fi ìjókòó parí láàrin ọdún mẹ́tàlélógójì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlá Rótìmí fi ìtàn yìí ṣe eré onítàn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1969, tí a sì tẹ̀ ní 1971. Ọdún tí wọ́n ṣe é, ogun abẹ́lé Nàìjíríà kò tí ì parí, ọmọ ogun ni ó sì ń ṣe ìjọba. Láti 1966 dé 1979, àti láti 1983 dé 1999, orílẹ̀-èdè wa fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ẹni tí a kọ́ láti pàṣẹ bá jókòó sí ibi tí ó yẹ kí a ti máa gbìmọ̀.

Ní tèmi, n kò rò pé ẹ̀ṣẹ̀ Kúrunmí ni pé ó bá ọba jiyàn. Ó yẹ kí olórí ogun lè sọ fún ọba pé ọ̀nà tí ó fẹ́ tọ̀ kò dára. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ń ṣe bẹ́ẹ̀, àṣà wa sì gbà á. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀tọ́ àríyànjiyàn tí ó gbà fún ara rẹ̀ níwájú Aláàfin, kò fún ẹnikẹ́ni ní irú rẹ̀ níwájú òun. Ó kọ̀ fún ọba láti dá òfin yí padà, ṣùgbọ́n ní Ìjàyè, òun nìkan ni òfin. Nítorí náà, nígbà tí ó ṣìnà, kò sí Ìbíkúnlé kan nínú ilé rẹ̀ tí yóò rán an létí pé ẹbí àti ará ni a fẹ́ lọ bá jà.

Kí àwọn olùkọ́ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ wa nígbà tí wọ́n bá ń ròyìn akọni. Ìgboyà ojú ogun pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìgboyà láti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò dùn mọ́ni létí ni ó ṣọ̀wọ́n, òun ni ì bá sì gba Ìjàyè sílẹ̀, tí ì bá sì gba Ìwawùn là pẹ̀lú rẹ̀.