Peter Cazalet: Agbá-kríkẹ́ẹ̀tì tó di olùtọ́jú ẹṣin ìyá ọba

Ẹni tó bá ń gbé òkè Ọya, kò ní í ṣàì mọ ẹṣin, torí ọdọọdún là ń rí wọn nígbà Hawan Sallah. Ìtàn ẹṣin ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ṣẹlẹ̀.

Ọdún 1907 ni wọ́n bí Peter Cazalet. Ilé olówó ló ti wá, àwọn ló ni ilé ńlá Fairlawne ní agbègbè Kent. Ó lọ sí ilé-ìwé Eton, ó tún lọ sí Yunifásítì Oxford. Kríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Ó gbá a fún Oxford, ó sì gbá a fún Kent láàárín 1927 sí 1932.

Àmọ́ ọ̀dọ̀ ẹṣin ni ọkàn ẹ̀ wà. Òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ tímọ́tímọ́, Anthony Mildmay, ni wọ́n jọ ń ṣe é ní Fairlawne. Eré tí ẹṣin ti ń fo odi ni wọ́n yàn láàyò. Èyí tó ga jù nínú ẹ̀ ni Grand National ní Aintree, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Liverpool. Ó lé ní máìlì 4, odi 30 ni ẹṣin sì máa fò.

Eré yẹn gan-an ló kọ̀ tí ò gbà fún wọn. Lọ́dún 1936, Mildmay ló wà níwájú lórí ẹṣin Davy Jones, eré ti fẹ́ parí. Ni okùn ìjánu bá tú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò rí ẹṣin darí mọ́, ẹṣin yà kúrò lójú ọ̀nà níbi odi tó kẹ́yìn. Nígbà tó di 1948, ó gun Cromwell, ọrùn ẹ̀ bá gan pa, ipò kẹta ló ṣe.

Ogun Hitler náà ò fojúure wo Cazalet. Lọ́dún 1943, ọkọ̀ òfuurufú já ní Gibraltar, Victor ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kú sí i. Lọ́dún 1944, ìyàwó ẹ̀, Leonora, kú, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn ogun ló wá gbájú mọ́ ẹṣin pátápátá. Ṣé ẹ mọ̀ pé olùtọ́jú ẹṣin kọ́ ló ń gùn ún lọ́jọ́ eré. Òun ló máa mọ ohun tí ẹṣin máa jẹ, bó ṣe máa sáré láàárọ̀, ìgbà tó yẹ kó sinmi, àti eré tí agbára ẹ̀ ká. Tí ẹṣin bá wọlé, agẹṣin ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Tí ò bá wọlé, olùtọ́jú ni wọ́n máa bi.

Lọ́dún 1949, Mildmay gba Ayaba Elizabeth, ìyàwó Ọba George Kẹfà, níyànjú kó ra ẹṣin eré. Òun àti ọmọ ẹ̀, èyí tó padà wá jọba, dáwó jọ ra Monaveen, Cazalet ni wọ́n sì gbé e fún. Àmọ́ lọ́dún 1950, Mildmay lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, kò padà wálé. Kí ọdún ọ̀hún tó parí, Monaveen náà kú lẹ́nu eré.

Ẹlòmíì á ní ó ti tó. Cazalet ò sá, Ayaba náà ò sá. Lóṣù Disẹ́ńbà ọdún yẹn kan náà, ẹṣin wọn Manicou gba ife King George VI.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ Devon Loch. Àwọn àgbà wa rántí pé ìbẹ̀rẹ̀ 1956 ni Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà, tí wọ́n gẹṣin kí i ní Kàdúná. Nígbà tó di March 24, òun àti ìyá ẹ̀ ti jókòó sí Aintree. Dick Francis ló gun Devon Loch. Ẹṣin yìí fo gbogbo odi 30, ó ti já àwọn tó kù sílẹ̀. Nígbà tó ku nǹkan bí 50 yáàdì péré, tí gbogbo pápá ń hó, ó ṣàdédé fò bíi pé odi kan wà níwájú ẹ̀, ó sì fi ikùn lélẹ̀. E.S.B. bá kọjá lára ẹ̀, ó gba ife lọ.

Wọ́n yẹ ẹṣin wò, wọn ò rí àrùn kankan lára ẹ̀. Àwọn kan ní ariwo ló dẹ́rù bà á, àwọn kan ní iṣan ló fà. Títí dòní, àríyànjiyàn yẹn ò tíì tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹṣin ṣì ní láti jẹun, Cazalet sì ní láti bójú tó o. Iṣẹ́ ló padà sí. Lọ́dún 1961, ẹṣin ìyá ọba mẹ́ta, Laffy, Double Star àti The Rip, wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Lingfield. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló di olùtọ́jú ẹṣin tó ta yọ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú eré odi: 1949 sí 1950, 1959 sí 1960, àti 1964 sí 1965. Eré tó bá ìyá ọba jẹ lé ní 250. Lọ́dún 1973 ló jáde láyé, ẹni ọdún 66.

Kò rí Grand National gbà títí tó fi kú. Àwọn bàbá wa ní bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Ọ̀pọ̀ wa ní ilẹ̀ àjò ni ọjà ti dá nígbà tó ku díẹ̀ kó débẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù jóná, àwìn kú sọ́nà, ìlú dàrú. Ẹ jẹ́ ká tún ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọ̀la. Ire o.