Ẹkúndayọ̀ Phillips, Olùkọ́ Orin

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dán nǹkan kan wò. Ẹ pe ọ̀rọ̀ yìí: ọkọ̀. Ohùn yín bẹ̀rẹ̀ ní àárín, ó sì wálẹ̀. Ó yá, ẹ fi orin pe é, ṣùgbọ́n kí ẹ gbé ohùn sókè ní ìparí rẹ̀. Kí ni ẹ gbọ́? Ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí ọjà ti di ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko! Ọ̀rọ̀ yìí ni ọkùnrin tí a fẹ́ kà nípa rẹ̀ rò títí.

Orúkọ rẹ̀ ni Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips. A bí i ní ọdún 1884. Bàbá rẹ̀ ni Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, tí ó ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Oǹdó. Ẹkúndayọ̀ lọ sí CMS Grammar School ní Èkó. Ó kọ́ bí a ti ń tẹ dùrù, nígbà tí ó sì di ọ̀dọ́mọkùnrin, òun ni ó ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul, Breadfruit, ní Èkó. Ní ọdún 1911, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ orin sí i ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1914, ó padà wálé, wọ́n sì fi í ṣe atẹdùrù àti olùkọ́ àwọn akọrin ní Christ Church, ní Màrínà, Èkó. Ọdún 48 ni ó lò lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Àwọn ọmọkùnrin bí i tiyín wà nínú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń kọ ohùn òkè, tí àwọn àgbà ọkùnrin sì ń kọ ohùn ìsàlẹ̀. Ọmọ tí ohùn rẹ̀ bá ti di ti àgbà kò lè kọ ti òkè mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni Fẹlá Ṣówándé, tí òkìkí rẹ̀ kàn lẹ́yìn náà nídìí dùrù àti orin kíkọ sílẹ̀. Ayọ̀ Bánkọ́lé àti Samuel Akpabot pẹ̀lú kọrin níbẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, orin Òyìnbó ni ó pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọn kò yí ohùn orin náà padà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti ń lọ sílẹ̀, ohùn orin a máa gòkè. Ènìyàn a kọrin tán, ẹni tí ó ń gbọ́ kò ní mọ ohun tí ó sọ, tàbí kí ó gbọ́ nǹkan mìíràn. Ẹ̀yin náà wo bí èyí ti burú tó fún ẹni tí ó ń gbàdúrà!

Phillips rí i pé nínú orin tiwa, ọ̀rọ̀ ni ó ń darí ohùn. Ó wá ń kọ orin tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ Yorùbá mu. Kò pa dùrù tì o, bẹ́ẹ̀ ni kò ju ohun tí ó kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nù. Ó pa méjèèjì pọ̀ ni. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Orin lè ní ẹsẹ mẹ́rin. Bí ohùn rẹ̀ bá bá ọ̀rọ̀ ẹsẹ kìn-ín-ní mu, ó lè ba ti ẹsẹ kejì jẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀. Àwọn kan sì ti fẹ́ràn orin àtijọ́ jù láti fi í sílẹ̀. A ṣì ń kọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ títí di òní.

Ní ọdún 1953, ó tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá, ó sì ṣàlàyé gbogbo èyí síbẹ̀. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1962, ọmọ rẹ̀, Charles, sì jókòó sídìí dùrù náà. Ẹkúndayọ̀ Phillips kú ní ọdún 1969.