SAMUEL ÀJÀYÍ CROWTHER: ẸNI TÍ A RÀ PADÀ

Nínú ìwé ọdọọdún bí irú èyí ni a ti máa ń rántí àwọn ẹni ńlá tí ó ti kọjá lọ. Kì í ṣe pé kí a lè yin òkú nìkan, bí kò ṣe pé kí àwa tí a wà láàyè lè rí ipa tí a ó tọ̀. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín ní ọdún yìí ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò mọ̀ pé òun ni ó kọ́kọ́ jẹ Bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Áńgílíkà nínú gbogbo ọmọ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oyè rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a fiyè sí jù lọ. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti mọ Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì sórí láti ìgbà èwe, tí a sì ń kà á geerege bí odídẹrẹ́. Ǹjẹ́ ohun tí a ń kà yé wa? Bí ó bá sì yé wa, ǹjẹ́ ó hàn nínú ìwà wa? Ìgbésí ayé Àjàyí ni ìdáhùn tí ó dára jù lọ tí mo mọ̀ sí ìbéèrè méjèèjì yìí.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI OKO ẸRÚ

Ní Òṣoògùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ni a gbé bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1809. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Àfàlà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ayé ti dàrú ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, bí àwọn obìnrin ti ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ni ogun ká ìlú náà mọ́. Fúlàní wà nínú ọmọ-ogun náà, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ pàápàá sì wà níbẹ̀. Bàbá Àjàyí sáré wá kìlọ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé kí wọ́n sá. Ìgbà ìkẹyìn tí ọmọ náà fojú kàn án nìyẹn. A mú Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀, a fi okùn sí wọn lọ́rùn, a sì ń fà wọ́n lọ bí ẹran.

Láìpẹ́ a ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá. A fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí wọ́n sì sọ pé ẹṣin náà kò dára, wọ́n tú pàṣípààrọ̀ náà ká, wọ́n dá a padà bí ẹni dá ọjà padà. A tún tà á, a tún un tà. Lẹ́ẹ̀kan a fi tábà àti ọtí rà á. Ìbànújẹ́ bá ọmọ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbìyànjú ní òru láti fi ọ̀já ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dé Èkó, tí ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹrú mìíràn. Gbogbo wọn jẹ́ 187.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun. Àjàyí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ pé olùgbàlà ni ó dé. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so kọ́ nínú ọkọ̀ náà, wọ́n rò pé ẹran ènìyàn ni. Ọta àgbá tí a tò jọ, wọ́n rò pé orí ènìyàn ni. Ó di ọjọ́ 17 oṣù kẹfà kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọdọ̀ tà wọ́n mọ́.

Ó DI ONÍGBÀGBỌ́

Ní Sàró, Àjàyí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìwé àti iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà; láàárín oṣù mẹ́fà ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825 ni ó ṣe ìrìbọmi, tí a sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà Ẹgbẹ́ C.M.S. Nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1837 nípa bí a ṣe kó o lẹ́rú, ó fi hàn pé lẹ́yìn ìgbà tí a tú ẹ̀wọ̀n ọrùn òun ni òun tó mọ̀ pé ẹrú mìíràn ṣì ni òun, ẹrú ẹ̀ṣẹ̀, àti pé òun fẹ́ rí ìdáríjì gbà nípasẹ̀ Jésù Kristi.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìràpadà wà ní àárín gbùngbùn ìgbàgbọ́ Kristi. Ó ń jáde lẹ́nu wa lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n àwọn baba wa mọ ìwúwo rẹ̀ jù wá lọ. Bí ogun bá kó ọmọ ẹnì kan lọ, gbogbo ẹbí a da owó ẹyọ jọ, wọ́n a lọ rà á padà. Ẹni tí a rà bẹ́ẹ̀ kò lè fọ́nnu pé agbára òun ni òun fi jáde. Kò sì lè gbàgbé ẹni tí ó san owó náà. Nígbà tí Àjàyí dàgbà tí ó ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́, kò nílò ìwé atúmọ̀ kankan láti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Ọrùn rẹ̀ ti kọ́ ọ.

Ní ọdún 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay, ó sì di olùkọ́. Ó fẹ́ Susan Asano Thompson, ẹni tí a gbà kúrò lóko ẹrú gẹ́gẹ́ bí òun náà.

KÍ Ó LÈ YÉ WỌN

Ní ọdún 1841 ó bá àwọn òyìnbó gòkè Odò Ọya. Nínú bí òyìnbó 145 tí ó lọ, ó lé ní 40 tí ibà pa. Ó hàn gbangba pé ọmọ Áfíríkà fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ìhìn rere lọ sí inú ilẹ̀ yìí. A fi Àjàyí jẹ oyè àlùfáà ní London ní ọdún 1843. Ní ọdún kan náà ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 1844, ní Freetown, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn ará wa tí ó wà níbẹ̀.

Àjàyí gbà pé ohun tí kò bá yé ènìyàn ní èdè ìyá rẹ̀ kò tíì wọ inú ọkàn rẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe ń jókòó ti àwọn àgbà, tí ó ń gbọ́ òwe wọn, tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò wá orúkọ àjèjì fún Ẹlẹ́dàá. Ọlọ́run tí àwọn baba wa ti ń pè ni ó lò. Kò sì kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ti mú wọ inú èdè wa. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni a ti rí àlùfáà àti àdúrà. Ẹ tún wo ìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀: a gbọ́, a sì gbà. Ẹni tí ó gbọ́ tí kò gbà kò tíì di onígbàgbọ́. Ẹni tí ó sì ń gbà láìgbọ́ kò mọ ohun tí ó gbà. Ìwé sí àwọn ará Róòmù, níbi tí a gbé ṣàlàyé ìgbàgbọ́ yìí láti ìpìlẹ̀, ni ó wà lára àwọn ìwé tí ó kọ́kọ́ túmọ̀. Ó jáde ní ọdún 1850. Àwọn bí Thomas King bá a ṣe iṣẹ́ náà, kí Àjàyí sì tó kú, Bíbélì lódindi ti wà ní èdè wa.

ÌYÁ ÀTI ỌMỌ

Ní ọdún 1845, Àjàyí, Henry Townsend àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ikú Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, dá wọn dúró níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjìdínlógún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, Àfàlà, tí ó ti gbọ́ pé ọmọ òun wà láàyè, wá sí ilé rẹ̀. Ọdún 25 ni ó ti kọjá. Ìyá àti ọmọ ń wo ara wọn, ẹnu kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá kàn ń gbọ̀n ni.

Àjàyí kò fi agbára mú ìyá rẹ̀ wọ ìjọ. Ó gbà á sílé, ó tọ́jú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó máa rí bí òun ti ń gbé pẹ̀lú aya àti ọmọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, Àfàlà wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta. Hánà ni a sọ ọ́, ìyá Sámúẹ́lì.

LÓRÍ ODÒ ỌYA

Ní ọdún 1857 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Onitsha. Nígbà tí Henry Venn, akọ̀wé àgbà Ẹgbẹ́ C.M.S., fẹ́ kí ó di Bíṣọ́ọ̀bù, Àjàyí lọ́ra, kí ó tó gbà nígbẹ̀yìn. A fi í jẹ oyè náà ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864. Ìjọ dìde ní Lọ́kọ́ja, ní Bonny àti ní Brass. Ní Bonny, awọ́nríwọ́n ni wọ́n ń bọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pa á bí ó tilẹ̀ gbé adìẹ rẹ̀. Ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1867 ọba kéde pé òpin ti dé bá ìyẹn. Inúnibíni dé lẹ́yìn náà, àwọn ẹrú tí ó ti di Kristian ni ó sì jìyà jù. Ní ọdún 1875 a pa ọ̀kan nínú wọn, Joshua Hart, nítorí tí ó kọ̀ láti jẹ ohun tí a fi rúbọ sí òrìṣà. Ìgbàgbọ́ náà ti yé e.

Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù dé ààfin Ìlọrin, tí wọ́n bi í léèrè nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀, kò bá wọn jiyàn, kò sì bú ẹ̀sìn wọn. Bíbélì Yorùbá ni ó ṣí, tí ó sì kà sí wọn létí.

Ní ọdún 1867 kan náà, ìjòyè kan tí ń jẹ́ Abokko, nítòsí Ìdá, dá Bíṣọ́ọ̀bù àti Dandeson ọmọ rẹ̀ dúró, ó sì ń béèrè owó ìràpadà. Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá gbà wọ́n. Bí wọ́n ti ń sá lọ nínú ọkọ̀, ọfà olóró bà á, ó sì kú. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹlòmíràn ni ó san owó ìdásílẹ̀ Àjàyí. Síbẹ̀, kò fi Odò Ọya sílẹ̀.

ÌDÁNWÒ ÌGBẸ̀YÌN

Ohun tí ó le jù ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Àwọn ọ̀dọ́mọdé òyìnbó dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù kò yẹ. Kí a sọ òtítọ́: àwọn kan nínú wọn ti ṣìwà hù, Bíṣọ́ọ̀bù sì jẹ́ onínú tútù ènìyàn tí kì í yára lé ẹni. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ yìí kò ya alábùkù sọ́tọ̀ kúrò lára aláìlẹ́ṣẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, nínú ìpàdé kan ní Onitsha tí Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ jókòó sí ipò alága, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ níṣojú rẹ̀. Dandeson ọmọ rẹ̀ wà nínú wọn.

Àjàyí sọ pé ohun tí wọ́n ṣe kò tọ́, ó sì kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Kò pa òtítọ́ mọ́ra nítorí àlàáfíà. Ṣùgbọ́n kò kọ Kristi nítorí àwọn tí ń jẹ́ orúkọ Rẹ̀. Kò fi Ìjọ sílẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ ogun. Ó ń bá iṣẹ́ lọ títí àrùn fi dá a gúnlẹ̀, ó sì sùn nínú Olúwa ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, tí ó pé 150 ọdún tí a fi í joyè, Àgbà Bíṣọ́ọ̀bù Canterbury, Justin Welby, ṣe ìsìn ọpẹ́ àti ìrònúpìwàdà nínú kàtídírà kan náà, ó sì tọrọ àforíjì fún ìwà tí a hù sí i.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ Kristi ṣòro láti gbà gbọ́ lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ìjọ pàápàá bá ṣẹ̀ wá. Níbẹ̀ gan-an ni a ti ń mọ̀ bóyá ó yé wa. Ẹni tí ó bá ń wí pé òun gba ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, tí ó sì ń bá ọmọ bàbá rẹ̀ yan odì nítorí ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó tún un kà. Ẹni tí ó bá ń wí pé òun gba Ọlọ́run gbọ́ ní Baba, tí ó sì ń fojú di ẹrú tàbí àlejò, ẹ jẹ́ kí ó tún un kà. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ máa kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìgbàgbọ́ yìí ní èdè wa, kí ó lè wọ̀ wọ́n lára. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i nínú ìwà yín nígbà tí wọ́n bá bọ̀ wá sílé.

Ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe oníṣẹ́, à-fi-orí-tì-í dópin. Àjàyí fi orí tì í dópin. A rà á padà, ó sì lo ọjọ́ ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kì í ṣe ti ara rẹ̀ mọ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmín.